Ẹ Yé Pe Ọmọ Apá Ní Ọ̀lẹ: Ta Ló Sọ Ọdún Kìn-ín-ní Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Di Asẹ́?

Bí lẹ́tà ìgbàwọlé fásitì bá tẹ ọmọ lọ́wọ́ ní Apá, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Àgbádárìgì, kì í pẹ́ rárá kí agbo ilé tó yí orúkọ rẹ̀ padà. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní orúkọ àbísọ rẹ̀ láàárọ̀ á ti di "Ẹnjiníà" kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá rẹ̀ tó ń ta àgbọn á mú ọtí ẹlẹ́rìndòdò jáde, wòlíì á gbàdúrà, ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní bodè Sèmè á ṣèlérí kọ̀ǹpútà alágbèéká. Kò sí ohun tó burú nínú ayọ̀ náà. Èyí tó burú ni ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọdún bá yípo, tí èsì ìdánwò jáde, tí ọmọ náà fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, agbo ilé kan náà tó sọ ọ́ ní Ẹnjiníà ni yóò sọ ọ́ ní ọ̀lẹ.

Ẹ̀sùn ọ̀lẹ yìí ti wọ àwọn ènìyàn lẹ́wù. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò, wọ́n ń sọ ọ́ níbi àríyá, àwọn tí wọ́n kàwé jù ló sì ń sọ ọ́ jù: ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ jókòó ti ìwé, fóònù ló gba ọpọlọ rẹ̀, kò mọ ohun tí ìyà ń jẹ́. Nínú gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ gan-an, àwọn olùkọ́ kan a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ọlọ́run ló ni A, olùkọ́ ló ni B, kí akẹ́kọ̀ọ́ wá tirẹ̀ láti C lọ sísàlẹ̀. Wọ́n á ní asẹ́ ni ọdún kìn-ín-ní, pé ẹni tí ihò asẹ́ bá gbé sọnù kò yẹ ní ẹni tí à ń gbé afárá fún kọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún sọ, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ran ọ̀pọ̀ alágbára lọ́wọ́ láti sá fún ojúṣe wọn. Ẹni tó bá ti pe ọmọ ní ọ̀lẹ kò tún ní í ná kọ́bọ̀ lé e lórí mọ́.

Ẹ wo ohun tí wọ́n gbé ka iwájú ọmọ náà ná. Láti ọdún 2023 ni àwọn fásitì Nàìjíríà ti ń lo ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí àjọ NUC ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní CCMAS. Àjọ náà gbé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ kalẹ̀, fásitì kọ̀ọ̀kan á sì fi ìdá 30 tirẹ̀ kún un. Lábẹ́ ìlànà yìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ di ẹnjiníà yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì, pẹ̀lú iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò nínú méjèèjì tó kẹ́yìn. Yóò kọ́ lílo èdè Gẹ̀ẹ́sì, yóò kọ́ nípa ipò ẹnjiníà láwùjọ, kí ọdún tó parí wọn á sì ti mú un wọ inú yíya àwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nínú MTH 101 nìkan, complex number ń bẹ níbẹ̀ tí ó ń retí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìṣirò tí gbogbo ọmọ ń ṣe fún WAEC kò dé ibẹ̀ rárá.

Ọmọ tó ti ilé-ìwé olówó gọbọi ní Lẹ́kí wá lè ti fi ọdún mẹ́ta ṣe Further Mathematics. Ó ti di burette mú títí ó fi sú u. Ó lè jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò WAEC kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ọmọ tó ti ilé-ìwé ìjọba létí omi wá kọ́kọ́ fojú kan burette, ìyẹn náà nígbà tí ọmọ mẹ́jọ dì mọ́ ẹyọ kan. Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní oṣù kìn-ín-ní, olùkọ́ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ti Lẹ́kí bá a dé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ló wà nínú gbọ̀ngàn. Gbohùngbohùn ń ké, àwọn tó pẹ́ dé dúró sẹ́nu ọ̀nà àti ojú fèrèsé. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, ta ló máa mọ èyí tí inú ń run?

Ọ̀rọ̀ èdè tún ń bẹ níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Ọmọ Apá lè sọ Ògù nínú ilé, kó sọ Yorùbá lọ́jà, kó gbọ́ Faransé díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń ti Kútọnu wọlé, kó tó wá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìdánwò. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí láti àádọ́ta ọdún ó lé. Ní ọdún 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ. Kí ni ìjọba fi èsì náà ṣe? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti wọ́gi lé ètò ìlò èdè ti ọdún 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọdé. Ọmọ tó há físíìsì sórí ní èdè tí kò fi lálàá rí ni a tún wá ń bi léèrè ìdí tí kò fi lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì nípa ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ yìí, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fásitì California ní Berkeley ní nǹkan bí ọdún 1975 síwájú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ló ń fìdí rẹmi nínú ìṣirò calculus níbẹ̀. Onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Uri Treisman bi àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè ohun tó fà á. Wọ́n ní àwọn ọmọ náà kò ní ìtara tó, wọ́n ní ilé wọn kò rówó, wọ́n ní òbí wọn kò ka ìwé sí. Orin tí à ń kọ ní Èkó lónìí náà nìyẹn. Treisman kò gba ẹnu sọ nǹkan, ó tẹ̀ lé ogún akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àti ogún ọmọ Ṣáínà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kàwé. Ohun tó rí yà á lẹ́nu. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú kò ya ọ̀lẹ rárá. Wọ́n ń jókòó ti ìwé fún wákàtí púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń dá kà nínú yàrá tirẹ̀. Àwọn ọmọ Ṣáínà ní tiwọn ń kóra jọ, wọ́n ń fi ìdáhùn wé ìdáhùn, wọ́n ń ta ara wọn lólobó nípa irú ìbéèrè tí olùkọ́ fẹ́ràn. Treisman dá ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, ó gbé ìṣirò tó le fún wọn dípò tó rọrùn, ó ní kí wọ́n jọ máa yanjú rẹ̀. Èsì ìdánwò wọn yí padà pátápátá. Ọmọ tí gbogbo ènìyàn ti kà sí aláìnítara ló wá ń ta àwọn yòókù yọ.

Ẹ fi èyí wé ọmọ Apá. Ó lè jẹ́ òun nìkan ló ti ìlú rẹ̀ wá sí ẹ̀ka náà. Kò mọ ọmọ ọdún kejì kan tó lè fún un ní ìbéèrè ìdánwò àtijọ́. Kò mọ̀ pé ó tọ́ kí èèyàn lọ kan ilẹ̀kùn olùkọ́, nítorí ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ọmọdé kì í wo àgbà lójú kó ní òun kò gbọ́ ohun tó sọ yé. Ẹ̀kọ́ ilé dáadáa ni ní Apá. Ní fásitì, ó di ohun tí ń pa á lára láìmọ̀, torí ìdákẹ́ rẹ̀ jọ ìdákẹ́ ẹni tí kò bìkítà.

Bẹ́ẹ̀ Àgbádárìgì kọ́ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ìwé ṣe àjèjì sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, ní ọdún 1843. Níbẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ wà, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́. Topo, ní Àgbádárìgì kan náà, ni ASCON wà, ibi tí ìjọba àpapọ̀ ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àgbà ní ìṣàkóso láti ọdún 1973. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ńláńlá pàápàá ń gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá: páìpù afẹ́fẹ́ gáàsì ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó gùn tó kìlómítà 678, etí òkun Àgbádárìgì ló gbà bọ́ sínú òkun kó tó forí lé Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà. Àwọn ẹnjiníà wá, wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n ri páìpù, wọ́n sì lọ. Mélòó nínú wọn ló jẹ́ ọmọ etíkun náà?

Ẹ wá wo ibi tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sí. LASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, Ọ̀jọ́ ni olú ilé rẹ̀ wà, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì gan-an. Ó yẹ kí èyí jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún ọmọ Apá. Ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU wà. Ọmọ tó ti ìpẹ̀kun Èkó níhà ìwọ̀-oòrùn wá yóò kọjá lẹ́nu ibodè fásitì tó sún mọ́ ọn jù, yóò la Èkó já, títí yóò fi dé ìpẹ̀kun níhà ìlà-oòrùn. Fásitì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2022, Ìkòròdú ló wà. Èyí tí wọ́n fún ojú ọ̀nà Àgbádárìgì lọ́dún kan náà, ní Ìjànìkin, ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ni. Kò sí ẹni tó ń sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ kéré. Àmọ́ ẹni tó ń pín nǹkan gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí tí ìpín ẹnì kan fi máa ń jìnnà ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ojú ọ̀nà náà sì rèé. Láti ayé ìjọba Babatunde Fashola ni wọ́n ti ń tún òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì ṣe. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, láti Mẹ́rínà dé Mile 2, kìlómítà 13. Òkokomáikò ni ètò ní kó dé lọ́jọ́ iwájú. Bó bá tilẹ̀ débẹ̀ lọ́la, ọ̀nà Apá ṣì jìn. Ẹni tó bá sì ń bọ̀ láti ìhà Sèmè mọ iye ìgbà tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, imigiréṣọ̀n àti ọlọ́pàá máa ń dá ọkọ̀ dúró kó tó dé Agbára. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé pátákó ìyàwòrán àti T-square dání kò ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nítorí náà kì í wá sílé lópin ọ̀sẹ̀, nítorí náà ebi ń pa á, nítorí náà ó há sórí bẹ́ẹ̀dì kan pẹ̀lú ọmọ méjì mìíràn ní yàrá tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé.

Ti owó ńkọ́? Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ọ̀lẹ a máa gbàgbé kíákíá. Ní ọdún 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé owó ilé-ìwé LASU kúrò ní 25,000 náírà. Ti ìmọ̀ ẹ̀rọ di 298,750 náírà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn títí ni wọ́n tó dá a padà sí 25,000 ní 2014. Ní Yunifásítì Èkó ní Akọ́kà, owó tó jẹ́ 19,000 fò sókè kọjá 100,000 fún àwọn ọmọ tuntun ní 2023, kí ìfẹ̀hónúhàn tó mú kí wọ́n bu díẹ̀ kúrò. Lóòótọ́, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NELFUND sì ń san owó ilé-ìwé fún fásitì tààrà, ó tún ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 20,000 náírà lóṣù fún àtijẹ. Ohun tó dára ni, kò sì sí èlé lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ni. Ọmọ tó bá gba gbèsè ọdún kan, tí fásitì wá lé e lọ nítorí pé kò sí ẹni tó fi ọ̀nà hàn án, gbèsè láìsí ìwé ẹ̀rí ni yóò gbé padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni ilé tó ń padà sí náà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ọgbẹ́ bodè tí ìjọba tì pa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020.

Ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Oṣù mẹ́jọ ni ASUU fi ti ilẹ̀kùn ní 2022, láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì dé ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá. Ẹ̀bi ìjọba pọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà náà fi oṣù mẹ́jọ ka àgbọn, ó padà dé, wọ́n ní kó wá ṣe ìdánwò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí fásitì má ṣe sọ ìmọ̀ ẹ̀rọ di ọ̀rọ̀ àánú. Wọn á ránni létí ilé alájà 21 tó wó ní òpópónà Gerrard, Ìkòyí, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá 2021, tó pa èèyàn tó lé ní ogójì. Wọ́n gba òótọ́ sọ, ẹni tí kò mọ ìṣirò kò gbọdọ̀ kọ́lé fún ẹnikẹ́ni. Ta ló wá ní kí wọ́n fún ọmọ ní máàkì ọ̀fẹ́? Ohun tí à ń béèrè fún ni kí wọ́n kọ́ ọ. Asẹ́ tí wọ́n ń fi yangàn yìí kò tilẹ̀ mọ ẹni tó gbọ́n yàtọ̀ sí ẹni tí bàbá rẹ̀ lówó olùkọ́ àdáni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó lè di ẹnjiníà tòótọ́ ló ń já sílẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí ẹni tó mọ ọ̀nà ìdánwò nìkan ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní orílẹ̀-èdè South Africa, Fásitì Cape Town dá ètò kan tó ń jẹ́ ASPECT sílẹ̀ ní 1988, nígbà tí ìjọba apartheid kò tíì kógbá sílé. Wọ́n mọ̀ pé ilé-ìwé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú kò fún wọn ní ìpìlẹ̀ tó tó nínú ìṣirò àti físíìsì, wọn kò sì pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Wọ́n fi ọdún kan kún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ fún àwọn tó bá nílò rẹ̀, wọ́n pín wọn sí kíláàsì kékeré, wọ́n fi olùkọ́ tó ń mọ orúkọ wọn tì wọ́n. Ìdánwò tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ni àwọn náà ń ṣe. Ìjọba Èkó, tó ń pariwo pé Èkó ni ọrọ̀ ajé rẹ̀ tóbi jù lórílẹ̀-èdè yìí, kò lè sọ pé irú rẹ̀ wọ́n jù fún òun.

Èyí tó tilẹ̀ kéré jù kò nílò òfin tuntun. Láàárín ìgbà tí JAMB bá fi orúkọ síta àti ìgbà tí fásitì bá ṣílẹ̀kùn, oṣù púpọ̀ máa ń wà tí ọmọ náà kò rí nǹkan ṣe ju kó máa jẹ́ Ẹnjiníà kiri àdúgbò. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé ṣófo nígbà ìsinmi. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní ọdún kẹta àti ìkẹrin wà nílé. Ẹ kó wọn jọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ẹ fún àwọn àgbà ọmọ náà ní owó ọkọ̀ àti oúnjẹ, kí wọ́n mú àwọn tuntun la ìṣirò àti físíìsì já, kí wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń jókòó kàwé ní ẹgbẹ́, kí wọ́n sì sọ fún wọn láìfọ̀rọ̀sábẹ́-ahọ́n pé kò sí ìwà àfojúdi nínú kí èèyàn kan ilẹ̀kùn olùkọ́. Bákan náà, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí ìpínlẹ̀ ń fún àwọn ọmọ rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló yẹ kó máa tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò sùn.

Àwọn òbí náà ní tiwọn nínú ọ̀ràn yìí. Orúkọ Ẹnjiníà tí wọ́n fi ń kí ọmọ kí ó tó ra T-square ni kì í jẹ́ kó lè ya ẹnu sọ pé nǹkan kò lọ déédéé. Ó ń parọ́ lórí fóònù. Ìyá ń béèrè pé, "Ṣé dáadáa ni ìwé?" Ó ń ní, "Dáadáa ni, màmá." Ìgbà tí òtítọ́ bá fi hàn, ìkìlọ̀ méjì ti kọjá, orúkọ rẹ̀ ti kúrò nínú ìwé. Ọmọ mìíràn wà tí kò fẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ìṣirò owó ni ọkàn rẹ̀ wà. Ìyẹn kò ya ọ̀lẹ, wọ́n kàn rán an níṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni.

Kò ní pẹ́ tí èsì JAMB mìíràn yóò fi jáde, tí ìyá kan ní Apá á tún mú ọtí ẹlẹ́rìndòdò jáde. Kí ó tó di ìgbà náà, ó yẹ kí àwọn tó ń ṣàkóso ìjọba ìdàgbàsókè Badagry West lè sọ fún àwọn ará ìlú iye ọmọ wọn tó wọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ́dún tó kọjá, iye tó ṣì kù níbẹ̀ nínú wọn, àti ẹni tí wọ́n rán lọ bẹ̀ wọ́n wò.